Kí Ẹ Tó Fi Ọrẹ Lé Ìyá Àwọn Akọni Lọ́wọ́

Kpata, Lọ́kọ́ja.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

"Níwọ̀n ìgbà tí èmi bá ṣì ń mí lórí ilẹ̀ ayé, opó ológun kankan kò ní sunkún mọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí."

Gbólóhùn yìí kì í ṣe tèmi o. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àwọn Akọni ni ó sọ ọ́, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Natako, lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń dúró kà á, mo sì máa ń ṣí fìlà, nítorí ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyìí, ó yẹ kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí pátákó náà kò sọ ni ohun tí wọn yóò ṣe fún opó tí ó bá ṣèèṣì sunkún. Ṣé wọn yóò mú un ni?

O pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tuntun tí o ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá ti fi ọ́ sínú ìgbìmọ̀ tí yóò yan ẹgbẹ́ aláàánú kan, èyí tí wọn yóò máa tì lẹ́yìn nítorí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì àti ìdílé àwọn tó kú sójú ogun. Inú mi dùn. Inú ìyá rẹ dùn ju tèmi lọ. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìwọ ni ìjọba fi ṣe olórí owó, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. O ní ẹgbẹ́ Ìyá Àwọn Akọni ni ó wà níwájú nínú àwọn tó kọ̀wé sí yín, pé fídíò wọn dára, pé orin inú rẹ̀ tilẹ̀ pa ọ̀gá yín lẹ́kún. O wá ní, "Bàbá, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti ń ṣe é jù. Kí lẹ mọ̀ nípa wọn?" Kí n tó la ẹnu, o tún ní, "Ṣùgbọ́n tí mo bá ní rárá, Bósè ńkọ́?"

Ìbéèrè kejì yẹn ni kò jẹ́ kí n dá ọ lóhùn lórí fóònù. O mọ Bósè, ọmọ ilé ẹ̀yìn wa. Dáre bàbá rẹ̀, mo kọ́ ọ ní ìwé, bí a bá lè pe ohun tó ń kọ ní ìwé. Ìgbà tí ó di sájẹ́ǹtì, mo ṣàánú ẹni tí yóò máa ka ìròyìn tó bá fi ránṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ó lọ sí Àríwá, kò padà wá. Nísinsìnyí Bósè ti rí àyè sí ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ Ìyá Àwọn Akọni ti ṣèlérí pé àwọn ni yóò sanwó rẹ̀, wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó di ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan l'Ábújá bá fọwọ́ sí ọrẹ. Ilé-iṣẹ́ tìrẹ ni. Wọ́n ti so ọmọ náà mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ilé ìwé bá wọlé láìrí owó rẹ̀, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà jókòó, kí o kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, n kò ní ibi tí mo ń lọ.

Èkíní, má ṣe jẹ́ kí aṣọ ológun dí ọ lójú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà, ọkùnrin kan máa ń jókòó sí ibùdókọ̀ tó wà nítòsí odò. Káàkí ló máa ń wọ̀, ó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ìdí, ó ní ogun ló gba ẹsẹ̀ náà. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo máa ń sọ owó sínú fìlà rẹ̀, n ó sì nà ró gbọnrangandan, n ó fi ọwọ́ kan iwájú orí kí n fi bọlá fún un. Lọ́jọ́ kan òjò ṣú lójijì. Àbẹ̀kẹ́, ọkùnrin yìí dìde, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì sá kọjá lára mi. Ó tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn: "Tíṣà, ẹ yára o, òjò yìí máa le!"

Mo bínú débi pé mo tún ya òmùgọ̀ lọ́nà kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò fún ológun kankan ní nǹkan. Bí mo bá rí ẹni tó ń tiro, mo máa ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò purọ́, n kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Mo kàn ń kọjá lọ pẹ̀lú ọgbọ́n mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o fura dáadáa, kí o béèrè ọ̀rọ̀ títí yóò fi sú wọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kí o fún ẹnì kan ní nǹkan. Má ṣe fi ìfura pamọ́ sílé bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí a kò lò rí.

Èkejì, béèrè ẹni tó sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń pín ni àwọn ènìyàn nílò. O rántí Bàbá Àúdù ní Gadumo, tó jẹ́ kọ́pùrà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìró ìbọn ńlá ló ba etí rẹ̀ jẹ́. Bí o bá fẹ́ kí i, àfi kí gbogbo ọ̀nà gbọ́. Ẹgbẹ́ yìí pè é sí gbọ̀ngàn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí gbogbo ayé ń rántí àwọn akọni, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ arọ dá a lọ́lá. Ẹsẹ̀ Bàbá Àúdù le ju tèmi lọ. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà lọ, kẹ́ẹ̀gì omi ló jókòó sínú rẹ̀ bí ọba.

"Bàbá Àúdù, ta ni ara rẹ̀ kò yá?" ni mo pariwo.

"Wallahi, Tíṣà, mo sọ fún wọn pé etí ni! Mo fọwọ́ fà á hàn wọ́n. Wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, ẹ jókòó ká yà yín."

"Ẹ sì jókòó?"

"Sójà ni mí. Tí wọ́n bá ní kí n jókòó, mo máa jókòó ni."

Ó wà nínú fídíò tí ẹ wò yẹn. Òun ni bàbá tí ó ń nu ojú bí orin ṣe ń lọ sókè. Ó ní iná tí wọ́n tàn sí òun lójú ló pọ̀ jù.

Mo tún fẹ́ kí o béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kò sí àjọ̀dún. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn ológun. Àmì pupa ìrántí wà ní àyà gbogbo agbádá. Ìgbà òjò ni kí o bi wọ́n sí. Nígbà tí odò kún tó wọ ilé àwọn ènìyàn níbí, opó ológun mẹ́ta ló sùn sí kíláàsì ilé ìwé tí mo ti ṣe tíṣà rí, àwọn ọmọ wọn ń fi pátákó ìkọ̀wé dí afẹ́fẹ́. Mo rí àwọn ará ìjọ, mo rí àwọn ará mọ́sálásí, mo rí obìnrin Ebira kan tó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá láìsọ orúkọ rẹ̀. Mo fi ojú wá ọkọ̀ Ìyá Àwọn Akọni títí omi fi fà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé ọ̀nà kò dára fún ọkọ̀ wọn.

Kí o sì wo àwòrán wọn bí mo ṣe máa ń wo ìwé ìdánwò ẹni tó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú ta ló tóbi jù? Nínú ìwé àwòrán tí wọ́n pín fún wa, Ìyá Àwọn Akọni wà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, aṣọ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn opó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ wọn kò sí lábẹ́ àwòrán. "Àwọn tí a ṣàánú" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyàwó Dáre kì í ṣe ẹni tí a ṣàánú, ọmọ mi. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì kú lẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín àánú àti ẹ̀tọ́, fi ojú ṣọ́ ọ.

O máa ní, bàbá mi ti tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ni olè lójú rẹ̀. Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ti àwọn kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ràn.

Àwọn obìnrin kan wà ní Natako, ìyàwó ológun ni gbogbo wọn, opó wà nínú wọn, àwọn tí ọkọ wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sì wà. Ṣọ́ọ̀bù onírun kan ni wọ́n ti ń pàdé. Iṣẹ́ wọn kò yẹ fún fídíò rárá: bí ọkọ ẹnì kan bá kú, wọn yóò bá a lọ sí ọ́fíìsì láti béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀, wọn yóò jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, bí wọ́n bá ní kí ó padà wá lọ́la, àwọn náà yóò padà wá lọ́la. Mo lọ wò wọ́n. Mo ní kí n wádìí wọn bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà kó tó di pé ẹnì kan jẹ ẹ́. Mo rí òkúta díẹ̀: wọn kì í tètè dé, wọ́n ń jà, alága wọn sì ń pariwo bíi kọ̀ǹdọ́kítọ̀.

"Kí ni orúkọ ẹgbẹ́ yín?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan tó ń di irun lọ́wọ́ ní, "A ò tíì ráyè sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá."

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi débi pé mo yáa tún fura. Mo ní, "Ẹgbẹ́ tí kò lórúkọ, bí nǹkan bá bàjẹ́, ta la fẹ́ mú?"

Alága nàka sí àyà ara rẹ̀. "Èmi ni kẹ́ ẹ mú! Ṣé ẹ ò mọ ilé mi ni? Lẹ́yìn ilé ẹlẹ́ja. Ẹ wá ká mi mọ́bẹ̀!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo ti bi Ìyá Àwọn Akọni ní ìbéèrè yìí kan náà rí, ní gbọ̀ngàn, mo sì na ọwọ́ sókè kí n tó bi í. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé. Mo kọ ọ́. Bóyá wọ́n ṣì ń kà á.

N kò ní kí o gba àwọn obìnrin Natako gbọ́ nítorí pé mo rẹ́rìn-ín. Má gba èmi náà gbọ́. Wá fúnra rẹ, má kéde pé o ń bọ̀, wọ aṣọ tí kò dára púpọ̀, kí o jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni tó fẹ́ di irun. Kí o lọ bá Bàbá Àúdù, kí o pariwo ìbéèrè rẹ sí i létí. Kí o wá ẹni tí ẹgbẹ́ kan ti ràn lọ́wọ́ rí tó ti bá wọn jà, kí o gbọ́ tẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni kí o yan.

Ní ti Bósè, gbìyànjú kí ilé-iṣẹ́ yín san owó tirẹ̀ tààrà fún ilé ìwé, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Bóyá wọn yóò gbà, n kò mọ̀. Ìgbìmọ̀ fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti lè dúró ya àwòrán. Ṣùgbọ́n má ṣe yan ẹgbẹ́ kan nítorí pé ó di ọmọ ẹlòmíràn mú. Bí o bá yàn wọ́n nítorí Bósè lónìí, wọn yóò wá ọmọ mìíràn dì mú lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tó ń ríran. Èmi ni bàbá rẹ.

*

Mo rò pé mo ti parí. Ìyá rẹ gba lẹ́tà náà, ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti pa á lẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ ò sọ ti Sátidé." Mo ní n kò fẹ́ da ọkàn rẹ láàmú. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ kọjá ti ẹ̀rín. Nítorí náà mo tún jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Bósè wọlé tọ̀ wá wá, ó gbé báàgì ọ̀rá kan dání, ó fi ìborùn bò ó.

"Ọ̀kún o, Bàbá. Ọ̀kún o, Màmá Àbẹ̀kẹ́."

Ó tú u sórí àga. Ìró, bùbá àti gèlè ni, dúdú kirikiri, tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì kan nínú ẹgbẹ́ náà ló gbé e fún un. Wọ́n fẹ́ ya fídíò mìíràn tí wọn yóò fi han ìgbìmọ̀ yín, gbogbo opó tó bá máa wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ dúdú.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn Oworo, ní abúlé Dáre. Nígbà tí Ìyá Bósè parí opó, àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ló bọ́ aṣọ dúdú lára rẹ̀, wọ́n gbé aṣọ náà lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n sun ún. Wọ́n wẹ̀ fún un, wọ́n wọ aláràbarà fún un, wọ́n sì gbàdúrà pé ojú rẹ̀ kò ní rí irú aṣọ yẹn mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe èyí fún kì í wọ dúdú mọ́, àfi tí òmíràn bá tún ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin onítáì kò mọ èyí. Lójú tirẹ̀, dúdú kàn ń fani mọ́ra nínú àwòrán ni.

"Mo sọ fún un pé mo ti bọ́ ọ," ni Ìyá Bósè wí. "Ó ní, 'Màmá, ẹ ó tún bọ́ ọ tá a bá ti yà yín tán.'"

"Má wọ̀ ọ́," ni ìyá rẹ wí. "Gbé e padà fún wọn."

"Màmá Àbẹ̀kẹ́, tí n kò bá wọ̀ ọ́, ta ló máa gbé Bósè wọ ilé ìwé?"

Ìyá rẹ yíjú sí mi. Èmi tí mo ń kọ ìmọ̀ràn gígùn báyìí, mo dìde lọ bu omi wá. Mo ní kí ó mu omi. Ó ká aṣọ náà padà sínú ọ̀rá, ó tún fi ìborùn bò ó, nítorí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ rí i.

Ní Sátidé, ó lọ wọ̀ ọ́ ní gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé àwọn yóò ti ya gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yà á tán níbẹ̀, wọ́n ní ó kù díẹ̀, kí àwọn tún ya ibi tó ń gbé. Wọn kò jẹ́ kí ó pààrọ̀ aṣọ. Ọkọ̀ méjì ló gbé wọn wá. Mo wà lẹ́bàá ọgbà nígbà tí wọ́n dúró. Àwọn ọkùnrin oníkóòtù kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọn kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wọn ni sójà kan tí wọ́n mú wá kí àwòrán lè níyì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Bósè, nínú dúdú láti orí dé ẹsẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọkùnrin méjì ni arúgbó yẹn fún iṣẹ́ ológun. Dáre ni ẹ̀gbọ́n. Kọ́lá, àbúrò rẹ̀, ṣì wà ní Àríwá lọ́hùn-ún lónìí. Báyìí gẹ́lẹ́ sì ni wọ́n ṣe wá lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ ti Dáre: ọkọ̀, kóòtù, sójà kan tó ń rìn jẹ́jẹ́.

Ìyá Àgbà dìde. Igbá ẹ̀gúsí dà nù. Ìyá Bósè ń mi orí sí i láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹnì kan di apá rẹ̀ mú, ó ń yí i sí ibi tí oòrùn wà. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ní, "Ó dáa gan-an, Màmá àgbà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Kò wo kámẹ́rà. Ó ń wo sójà náà lójú.

"Ta ló kú?"